Felizarda Kú Sórí Bẹ́ǹṣì, Ẹ̀rọ Wà Nínú Páálí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Felizarda Nhacuongue kú. Kò kú sórí ibùsùn. Kò kú sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Orí bẹ́ǹṣì onígi tó wà lẹ́nu yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn àgbègbè wa ló kú sí, ní ìjókòó, ó fi orí ti èjìká ìyá rẹ̀. Nọ́ńbà kẹrìnlá ló dì mọ́wọ́. Nọ́ńbà kẹsàn-án ni wọ́n ń dá lóhùn lọ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ rò pé oorun ló gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà kẹwàá, ó ní, “Feliza, jí, ó ti ń kàn wá.” Nígbà tí wọ́n pe ìkọkànlá, ó fi etí aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pe ìkejìlá ló tó mọ̀ pé òógùn náà ti tutù.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

“Olóríire” ni Felizarda túmọ̀ sí. Atália, ìyá rẹ̀, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tó dúró lẹ́yìn àwọn méjì tí ilẹ̀ ti gbà. Ọjọ́bọ̀ la sin olóríire yìí sábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé wọn ní abúlé Nhatimbe. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìlera, ó wọ bàtà dúdú tó ń dán, ó sì ka ìwé kan fún wa. Ó ní Felizarda jẹ́ akọni. Ó ní ó bá àìsàn jà títí, àmọ́ àìsàn ló borí. Lẹ́yìn náà ó gbé òdòdó kalẹ̀, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí òkú tó wà nílẹ̀. N kò ní dákẹ́ lónìí. Àìsàn wo ló borí? Ṣé àìsàn tí wọ́n ti yọ kúrò lára rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn?

Kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ nà án sí ara mi.

Èmi ni mo kọ́ Felizarda ní kíláàsì karùn-ún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, àmọ́ ẹ ó rò pé kò ju méje lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ojú rẹ̀ sì tóbi bíi ti ẹni tí ẹnìkan pè lójijì. Ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ dé. Mo ti mú un kúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri lọ́pọ̀ ìgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo bi í níwájú gbogbo kíláàsì pé, “Felizarda, ṣé ẹsẹ̀ ìgbín ni wọ́n rán mọ́ ọ ni?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, àyà mi ló máa ń kún.” Mo ní, “Àyà ta ni kì í kún? Lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn.”

Ó kúnlẹ̀. Kò bínú sí mi. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń jókòó sinmi láàárín ilé wọn àti ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré gbà kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń jí ṣáájú gbogbo wọn, ó sì ń dé kẹ́yìn gbogbo wọn. Mo sì jẹ ẹ́ níyà lórí ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sí ọrùn mi.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ikùn náà ti di ohun tí gbogbo abúlé ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn obìnrin ìdí kànga ní, “Ta ló fún ọmọ yìí lóyún?” Atália gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Oyún wo ló ń lo ọdún mẹ́ta nínú? Ẹ̀yin tí ẹ bí mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹ kọ́ mi!” Ìgbà tó yá, wọ́n ní àbúrò ìyá rẹ̀ ló fi oògùn dì í. Atália àti àbúrò rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ ńlá ni wọ́n fi ń fa omi inú ikùn náà, garawa kan kún, ó ku díẹ̀ kó kún èkejì. Lẹ́yìn oṣù kan, omi á tún padà.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà Benilde dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó máa ń wé gèlè pupa, ó sì ń gbé ẹ̀rọ kan kiri láti abúlé dé abúlé, tí ó fi ń wo ọkàn àwọn ènìyàn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Abẹ́ igi tó wà nínú àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ mi ló ti wo ti Felizarda. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó wá pe Atália sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì tẹ̀ lé wọn.

Ó bi í pé, “Mama, àgbọn tútù, báwo ni omi inú rẹ̀?”

“Ó máa ń pọ̀.”

“Tó bá wá gbó ńkọ́?”

“Ẹran rẹ̀ á nípọn, omi rẹ̀ á dín kù.”

“Bí ọkàn Felizarda ṣe rí nìyẹn. Àpá funfun kan ti hù sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó nípọn, ó le. Àyè tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wà kò sí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ríbi wọlé ń padà sẹ́yìn, ìyẹn ló ń di omi inú ikùn.”

“Ta ló ṣe é?”

“Kò sẹ́ni tó ṣe é, Mama. Àìsàn ni. A kò mọ ohun tó ń fà á, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀, irọ́ ló ń pa. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń mú, etí òkun bíi tiwa yìí, àwọn ọmọ tálákà.”

Atália ronú. Obìnrin tó ti ha àgbọn láti kékeré ni. Ó ní, “Dókítà, ṣé ẹ kò lè bá mi ha á ni?”

Dókítà Benilde rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi lé sí i lójú. “Mama, ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe níbí. Kì í sì í ṣe èmi.”

Ọdún mẹ́fà ni dókítà yìí fi ń kọ lẹ́tà. Ọdún mẹ́fà! Felizarda ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn ti òkè òkun wá sí Maputo, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, láti bá àwọn dókítà tiwa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ènìyàn márùn-ún ló lọ láti ìpínlẹ̀ wa. Wọ́n la àyà Felizarda, wọ́n dá ọkàn rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ kan sì ń bá a tú ẹ̀jẹ̀ ká, nígbà tí wọ́n rọra ń bó àpá náà kúrò lára ọkàn díẹ̀díẹ̀. Àpá náà ti fa ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ya, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún kò jí. A sunkún rẹ̀, a kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn tó ṣe é sì ti sọ fún wa ṣáájú pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ikú kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ènìyàn mọ́ níbẹ̀.

Títa ríro là ń kọ ilà, bó bá jinná tán a di oge. Ẹ wo Felizarda nígbà tó padà dé! Àpá gígùn kan wà láàárín àyà rẹ̀, kò sì bò ó. Ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó rìn láti ibi tí mọ́tò ti já a sílẹ̀ dé ilé mi, kò jókòó lọ́nà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Tíṣà, mo tètè dé lónìí.”

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kí n má dá ẹ̀ṣẹ̀ sí òun lọ́rùn, àgbàlagbà bíi tèmi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì kéékèèké tí a ń fi ẹmu àgbọn wú, ó ń gbé e lọ sí etí adágún fún àwọn apẹja. Níbẹ̀ ló ti ń pàdé Salvador Cumbana, apẹja tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún òun náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ilẹ̀kùn àtọwọ́dá yẹn máa ń dún bí aago, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí ibi bá dákẹ́, ẹni tó jókòó tì ọ́ á gbọ́ ọ. Salvador á fi etí sílẹ̀, á ní, “Feliza, aago tìrẹ ti sáré ju tèmi lọ. Ta lo rí?” Òun náà á ní, “Tìẹ ló ń falẹ̀, bàbá arúgbó. Lọ fi epo sí i.” Gbogbo etí adágún á bú sẹ́rìn-ín.

Ọ́fíìsì ìlera náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n gbé e sára kàlẹ́ńdà ọdún náà, pẹ̀lú agbọ̀n búrẹ́dì lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ìlera dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn.” Kàlẹ́ńdà náà ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn. Mo rí i ní ọjọ́ Ajé. Wọn kò tíì yọ ọ́. Bóyá wọn kò tíì mọ̀ pé ẹni tó wà níbẹ̀ náà ni wọ́n gbé òdòdó lọ fún.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹni tó ní ilẹ̀kùn àtọwọ́dá lọ́kàn nílò? Oògùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ilẹ̀kùn náà, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí oògùn bá kéré, ẹ̀jẹ̀ á dì, ilẹ̀kùn á há. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn láìdúró. Ewé tí ènìyàn ń jẹ pàápàá lè yí i padà, àwa tó sì jẹ́ pé ewé ẹ̀gẹ́ nínú wàrà àgbọn ni oúnjẹ wa lọ́sàn-án àti lálẹ́! Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò lóṣooṣù. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré ni. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà sọ ọ́, Dókítà Benilde kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ sí i, ó fún wọn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Dókítà Benilde lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní ìhà àríwá. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún wa.

Ní olú ìlú ìpínlẹ̀ ni Felizarda ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ń wọ mọ́tò lọ láàárọ̀ kùtùkùtù lóṣooṣù, kò pa oṣù kan jẹ. Nígbà tó di ọdún yìí, oògùn tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà tán. Wọ́n ní kí ó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ó padà lọ. Ó ti tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó má ṣe ìyọnu wíwá mọ́, ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn àgbègbè tirẹ̀, nítòsí ilé. Ó dùn mọ́ ọn. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé, “Tíṣà, wọ́n ń gbé e bọ̀ wá bá wa nílé!”

Oṣù méje ni kò fi ṣe àyẹ̀wò kankan. Ó ń lo oògùn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un kẹ́yìn, bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi nínú ìkùukùu.

Atália ló kọ́kọ́ mọ̀. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn, ó sì ti mọ ìró ọkàn ọmọ rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ohùn ọmọ. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ẹtì. Ó sọ fún akọ̀wé tó wà lẹ́nu fèrèsé pé, “Ọmọ mi nìyí, ẹ bá mi wò ó. Ìró rẹ̀ ti yí padà.”

“Ìró kí ni?”

“Ìró àyà rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dún kẹ́, kẹ́. Ó ti wá ń dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n fi aṣọ dí.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Mama, ṣé ẹ ti wá di dókítà ọkàn? Ìgbà wo lẹ kàwé tán?”

“N kò kàwé. Mo ní etí.”

“Ẹ mú un wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń gba ẹ̀jẹ̀.”

Mo ti bi àwọn dókítà mẹ́ta léèrè láti ìgbà náà, títí kan Benilde, tó ń sunkún lórí fóònù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ohun kan náà. Bí ìró ilẹ̀kùn àtọwọ́dá bá kú, ẹ̀jẹ̀ ti ń dì mọ́ ọn, ó sì jẹ́ ohun tí a ń sáré sí lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tí kò kàwé, tó ń ha àgbọn jẹun, gbé àbájáde àyẹ̀wò tó pé pérépéré wá sẹ́nu fèrèsé yín lófẹ̀ẹ́, ẹ sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní kó lọ, kó padà wá. Ó lọ. Ó padà wá. Ẹ fún un ní nọ́ńbà kẹrìnlá.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀jẹ̀ náà wá bá mi nílé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò gbà láti jókòó.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀rọ yẹn wà.”

“Ẹ̀rọ wo?”

“Èyí tí wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó ti dé láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ó wà nínú páálí, ní yàrá ìkẹ́rùsí, ilẹ̀kùn kejì sí tiwa. Gbogbo ohun tí a nílò ló bá a wá.”

Mo wá ní, “Kí ló wá dé tí ẹ kò lò ó?”

“Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ tú u títí ọ̀gá yóò fi wá ṣí i ní gbangba. Wọ́n ti ra rìbọ́nù. Wọ́n ti rán aṣọ fún àwọn obìnrin tó máa kọrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú.”

“O rí Felizarda lórí bẹ́ǹṣì yẹn?”

“Mo rí i, Tíṣà.”

“O sì mọ̀ pé ó wà nínú páálí?”

“Ìwé àṣẹ wà níbẹ̀. Mo ní ìyàwó. Mo ní ọmọ mẹ́ta.” Ó wá bú sẹ́kún bí ọmọdé.

N kò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí ni tàbí kí n bu omi fún un. Mo bu omi fún un. Ó mu ún, ó lọ.

Rìbọ́nù! Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbọ́. Kì í ṣe pé a kò ní. Ìyẹn la mọ̀ ọ́n fàyà rán, a ti sin ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àìní pa, a sì ti tu ara wa nínú. Èyí wà nílẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ mọ́tò akẹ́rù, ó dé ọ̀dọ̀ wa láìfọ́, ó wá ń dúró de àlùmọ́gàjí kí ẹnìkan lè gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀jẹ̀ Felizarda ń dì lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀yin ń wá ọjọ́ tí àyè máa gba ọ̀gá. Ẹ wá dúró sórí sàréè rẹ̀, ẹ ní àìsàn ló borí rẹ̀. Àìsàn ti lọ tipẹ́. Ẹ̀yin ló ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ sọ fún Atália. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á fún un nínú ìwé ìròyìn. Ó ń ha àgbọn nígbà tí mo dé, nítorí pé àwọn àlejò ìsìnkú ṣì wà nílé tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo.

“Tíṣà, láti orí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí dé ibi tí páálí yẹn wà, báwo ló ṣe jìnnà tó?”

Mo ní, “Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.”

Ó ní, “Ìyẹn, ǹ bá gbé e pọ̀n débẹ̀.” Ó sì ń bá àgbọn rẹ̀ lọ.

N kò béèrè fún ìgbìmọ̀ olùwádìí. Ìgbìmọ̀ tí a ti gbé kalẹ̀ ní àgbègbè yìí ti tó láti kún inú gbọ̀ngàn, kò tíì sí èyí tó jáde pẹ̀lú orúkọ kan. Salvador Cumbana àti àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ lọ sí Maputo ṣì wà láàyè, ilẹ̀kùn wọn ṣì ń dún. Kò sẹ́ni tó mọ bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe rí lónìí. Kí páálí náà di títú kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, láìsí orin, láìsí kámẹ́rà, kí wọ́n sì pè wọ́n wá. Kí ẹ dá Benilde padà fún wa, tàbí kí ẹ rán ẹni tó mọ ohun tí Benilde mọ̀.

Àṣẹ pé kí wọ́n má tú u sì wà lórí ìwé. Ìwé kì í kọ ara rẹ̀. Ẹnìkan jókòó sídìí tábìlì, ó mú bírò, ó fi ọwọ́ sí i. Òun náà ní ìyá tó sọ ọ́ lórúkọ. Kí ó wá sí Nhatimbe, kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Atália, kí ó jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ náà fún un.